Lẹ́tà ṣíṣí sí Bàbá Sophilos, ayàwòrán ara ìkòkò ní ìlú Áténì

Bàbá Sophilos,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bí ó bá ṣeé ṣe láti pe nǹkan bí 2,600 ọdún ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìsinmi.

Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó máa gbà á lọ́wọ́ mi kó tó yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi kà á, kó kà á. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ torí òun ni mo fi ń ro nǹkan. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ẹ kò ní gbọ́ ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ àpáàdì ni mo bá wá. Ẹ ya ìkòkò kan nígbà ayé yín, ní nǹkan bí ọdún 580 sí 570 kí wọ́n tó bí Jésù. Ìkòkò ńlá ni, onídìí róbótó, irú èyí tí kò lè dá jókòó àfi tí wọ́n bá gbé e ka orí nǹkan, bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbé ìkòkò omi ka òṣùká. Inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lẹ ti máa ń po wáìnì pọ̀ mọ́ omi níbi àsè, torí lójú àwọn ará ìlú yín, ẹni tó bá ń mu wáìnì láì bomi là á, ará oko pátápátá ni. Ìkòkò náà ti fọ́ tipẹ́. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́kù rẹ̀ wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè Gíríìsì ní Áténì, nọ́ńbà 15499. Èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú àpáàdì. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń lọ bu iná nílé aládùúgbò, òun ló ń gba omi adìẹ. Wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará ìgbàanì to àpáàdì lóòró, ọ̀kan ti èkejì, wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá tí a ṣì ń rí títí dòní. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí àpáàdì tó ń pariwo bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kù lójú rẹ̀, bóyá ẹ ti gbàgbé, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe kì í ṣe ẹyọ kan. Lápá òsì, àwọn ẹṣin ń já bọ̀, àwọn ẹṣin tí wọ́n so pọ̀ láti fa kẹ̀kẹ́ eré ìje. Apá iwájú wọn nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fà kò sí, ẹni tó di ìjánu wọn mú kò sí, ibi tí ìkòkò ti là nìyẹn. Lápá ọ̀tún ni àga ìwòran wà. Ẹ kàn án bí àtẹ̀gùn tó ní ojú méjì, tí èèyàn lè gùn láti ọ̀tún, tí èèyàn lè gùn láti òsì, kí wọ́n pàdé lókè. Àwọn èèyàn kún orí rẹ̀, wọ́n kéré bí èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹṣin yẹn, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn àga náà, lọ́wọ́ ọ̀tún, orúkọ Achilles, akọni ogun Troy nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni ẹ kọ síbẹ̀.

Ẹ tún kọ nǹkan méjì mìíràn. Èkíní ni orúkọ yín: *Sophilos megraphsen*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «Sophilos ló yà mí». Ìkòkò ló ń sọ̀rọ̀! Kì í ṣe pé ẹ ní «èmi Sophilos ni mo yà á», rárá, ẹ fi ẹnu sára amọ̀, ẹ ní kó máa jẹ́rìí yín kiri. Nínú gbogbo àwọn tó ya ìkòkò ní Áténì, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Orí èyí ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn yín, n kò ní purọ́. Baba mi ń kọ pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń kun ẹ̀yìn mọ́tò akẹ́rù. Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń kọ orúkọ tirẹ̀ sí, kékeré báyìí, bí ẹni tí ojú ń tì. Nígbà kan, ó kọ pátákó fún ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì, ó fo lẹ́tà kan. Ìyá náà kò mọ̀wé. Inú rẹ̀ dùn, ó sanwó, ó fi búrẹ́dì méjì lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ilé-ìwé kan dúró níwájú pátákó yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Baba mi gbé àkàbà jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ fi lẹ́tà tó fò há àárín àwọn yòókù, tínrín bí egungun ẹja.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun kejì tí ẹ kọ: *Patroqlus atla*. Eré ìje Patroklos. Àwọn tó mọ èdè yín dáadáa sọ pé lẹ́tà tó yẹ kí ẹ lò láàárín ọ̀rọ̀ kejì yẹn, èyí tí ohùn rẹ̀ ń bá èémí jáde, ẹ kò lò ó, «t» gbẹrẹfu lẹ fi síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayàwòrán kò mọ̀wé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwa tí à ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i lójoojúmọ́ lórí fóònù, tí «oko» wa lè jẹ́ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko, a kò ní ẹnu láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó dùn mí kò ju pé ẹ kò lè gbé àkàbà. Ìkòkò ti wọ iná, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n pẹ̀lú àṣìkọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ yín, tí wọ́n bá máa kọ nǹkan sára ìkòkò, orúkọ èèyàn ni wọ́n ń kọ: Hermes nìyí, Herakles nìyí, ajá rẹ̀ nìyí. Kí ayàwòrán kọ àkọlé sí àwòrán, kó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni èyí, ṣàṣà ni ìkòkò mìíràn tí ẹ ó ti rí i. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà yín pé a kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ sì jàre. Bí àkọlé yẹn bá wà lára àpáàdì mìíràn tó ti sọnù, ẹṣin àti èrò lásán la ò bá máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbi iṣẹ́ ọwọ́, torí àwọn tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí lè máa rò pé ọ̀dà dúdú lẹ fi ń kun ìkòkò. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Amọ̀ Áténì ní irin nínú, òun ló ń mú un pupa. Ẹ ó po amọ̀ kan náà mọ́ omi, ẹ ó jẹ́ kí ó silẹ̀, ẹ ó sẹ́ ẹ títí tí yóò fi kúnná bí ẹ̀lẹ́bùtú, òun lẹ ó fi ya ẹṣin àti èèyàn. Ẹ ó wá mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ ó fi fá gọ̀gọ̀ ẹṣin, ẹyinjú, ìṣẹ́po aṣọ. Lẹ́yìn náà ló kan ìléru. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìkòkò ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni iná ń gbà. Ẹ ó kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo ara ìkòkò á pọ́n. Ẹ ó dí ojú ihò, ẹ ó ju igi tútù sí i, èéfín á gba inú ibẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Ẹ ó tún ṣí ihò. Ara ìkòkò á padà pọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ fi amọ̀ kíkúnná yà ti yọ́ pọ̀, ó ti dì bíi dígí, afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ ibẹ̀ mọ́. Dúdú ló máa wà títí ayé. Amọ̀ kan náà ni dúdú àti pupa lára iṣẹ́ yín, ohun tí iná fojú wọn rí ló yàtọ̀. Tí ẹni tó ń ṣọ́ iná bá sì sùn lọ díẹ̀, gbogbo ìléru ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi eré.

Patroklos ni ọ̀rẹ́ tí Achilles fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ. Níbi ogun Troy, nígbà tí Achilles bínú tó ní òun kò jà mọ́, Patroklos gbé ìhámọ́ra Achilles wọ̀, ó jáde lọ sójú ogun, Hektor, akọni àwọn ará Troy, pa á. Achilles gbẹ̀san, ó pa Hektor, ó padà wá sun òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì pe gbogbo àwọn ọmọ ogun sí eré ìdíje. Nínú Iliad, ìwé kẹtàlélógún ni akéwì Homer ti sọ ọ́. Níbí yìí, mo ní láti jẹ́wọ́ pé ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi láti gbà. Lọ́dọ̀ wa, òkú àgbà là ń fi ń ṣe ayẹyẹ, là ń lu ìlù sí, là ń ra aṣọ ẹbí sí. Òkú ọ̀dọ́, ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sin ín kíákíá, àwọn òbí rẹ̀ kì í dé ibojì, ẹnikẹ́ni kì í jẹun níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Patroklos, bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Tí Achilles bá jẹ́ ọmọ ilé wa, wọn ì bá ti fà á sí kọ̀rọ̀ bi í pé irú kí leléyìí. Mo ti wá ń rò ó pé ẹni tí inú bí, tó ti fi òkú Hektor wọ́lẹ̀ tẹ́rùn, tí ìbànújẹ́ kò sì lọ, ó lè jẹ́ pé ariwo èrò ló kù tó fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀bùn tó gbé kalẹ̀ fún eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin nìkan, ká má sọ ti ìjàkadì àti ẹ̀ṣẹ́ jíjà, èèyàn á máa kà á bí ẹrù ìyàwó. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní á gba obìnrin tó mọṣẹ́ ọwọ́ (a kò fẹ́ràn ìyẹn lónìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn) pẹ̀lú ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gba òṣùwọ̀n 22. Ipò kejì, abo ẹṣin ọlọ́dún mẹ́fà tó lóyún ìbaaka. Ipò kẹta, ìkòkò idẹ tí iná kò tíì kàn rí. Ipò kẹrin, wúrà. Ipò karùn-ún, àwo olójú méjì. Àwọn márùn-ún ló sì jáde: Eumelos, Diomedes, Menelaos, Antilochos, Meriones. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dé ìkẹyìn náà fi yẹ kó rí nǹkan gbé lọ sílé. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Eumelos dà nù lójú ọ̀nà, ìjà ẹ̀bùn sì bẹ̀rẹ̀ bí ìjà ẹ̀bùn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀bùn o. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, àwọn ẹṣin ṣì jìnnà, eruku ń sọ lálá. Idomeneus, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun, tó jókòó sórí ilẹ̀ gíga dìde, ó ní: ẹ̀yin èèyàn, ṣé èmi nìkan ni mò ń rí i ni? Ẹṣin tó ṣáájú tẹ́lẹ̀ kọ́ ló ṣáájú báyìí, ó jọ pé Diomedes ni. Ajax kékeré, ọmọ Oileus, fò mọ́ ọn: àgbàlagbà aláròyé, ojú rẹ kò dára tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹṣin Eumelos náà ló ṣì wà níwájú! Idomeneus gbaná jẹ. Ó ní kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ ìkòkò idẹ, kí Agamemnon, olórí gbogbo ọmọ ogun, ṣe adájọ́. Ọ̀rọ̀ ti ń di ìjà kí Achilles tó dìde fúnra rẹ̀. Ó ní kò yẹ yín. Ẹ jókòó, ẹ máa wo àwọn ẹṣin, wọn ò ní pẹ́ dé ibí, olúkálùkù á sì rí ẹni tó ṣáájú.

Mo ti jókòó sí ilé tí wọ́n ti ń gba owó wo bọ́ọ̀lù, lórí bẹ́ǹṣì tí ìdí èèyàn mẹ́fà wà lórí ibi èèyàn mẹ́rin, tí iná fi lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀ dìde, ọkùnrin méjì ti di ara wọn lọ́rùn mú lórí góòlù tí ẹnì kankan kò rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ Idomeneus àti Ajax, mo mọ àwọn méjèèjì. Mo mọ orúkọ wọn ní àdúgbò wa.

Ìyẹn ló mú kí àga ìwòran yín ṣe mí ní nǹkan. Homer kò sọ pé wọ́n kan àga kankan. Lórí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jókòó sí, létí òkun, níbi tí wọ́n pàgọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ gbé àga wá. Àga onípákó tí ẹ ti rí nílùú yín níbi eré àti ijó ni, ìgbà tí ẹ̀ ń ya Troy lẹ mú un látàárín ìgboro lọ síbẹ̀. Pákó tí wọ́n kàn pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú àga yẹn ní Áténì. Lẹ́yìn ikú yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé ti yín, ìtàn sọ pé irú rẹ̀ wó níbi tí èrò ti ń wo eré, òun ló sì mú kí wọ́n máa jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láti wòran. Ayàwòrán mìíràn ì bá fi gbogbo àyè náà ya ẹṣin. Ẹṣin ló ń tà. Ẹ̀yin ní rárá, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń wò ó, ẹ fi irin fá ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti kéré tó.

Mo wá ní ẹjọ́ kan láti fi sùn yín, àwọn kan ló ṣẹ̀ yín, èmi náà sì wà lára wọn. A fẹ́ràn láti dí àlàfo. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti fọ́ lọ, èèyàn á kàn ṣí Homer, á rí i pé Diomedes ló gbégbá orókè, á ní: ó dáa, Diomedes nìyẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Mo tilẹ̀ ti fi bẹ́ńsù fa ojú Diomedes sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí mo tẹ̀ jáde, pẹ̀lú irùngbọ̀n, pẹ̀lú pàṣán tí òrìṣà Apollo gbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí òrìṣà Athena dá padà.

Kleitias ló wẹ ìyẹn kúrò lára mi. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n, tàbí bóyá ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ní àdúgbò àwọn amọ̀kòkò. Òun ló ya ìkòkò ńlá kan tí Ergotimos mọ, ní nǹkan bí ọdún 570, tí Alessandro François hú ní Chiusi ní Ítálì láàárín 1844 àti 1845, tó wà ní Florence báyìí. (Ní 1900, ẹ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ bínú, ó ju àga lu ìkòkò náà, ó sì fọ́ sí 638. Wọ́n tò ó padà. Ẹ ò rí i pé ayé kò tíì tún ṣe.) Lọ́rùn ìkòkò yẹn, eré ìje Patroklos kan náà ló wà, kẹ̀kẹ́ márùn-ún ni, Achilles dúró níbi òpin. Kleitias kọ orúkọ àwọn awakẹ̀kẹ́ náà sí i. Ta ló wà níwájú? Odysseus. Odysseus tí kò tilẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ rárá nínú ìtàn Homer! Automedon tẹ̀ lé e. Diomedes ṣe ìkẹta, Damasippos àti Hippothoon tẹ̀ lé wọn, orúkọ méjì tí Homer kò dárúkọ níbi eré yìí. Ká ní ìkòkò Kleitias là ní ibi orúkọ, tí apá yẹn nìkan sì sọnù, gbogbo wa là bá ti búra pé Diomedes ló wà níwájú, à bá sì ti ṣì í.

Ìtàn yẹn ní ju ẹnu kan lọ nígbà ayé yín, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ògún ti Iré ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ará ìlú mìíràn á sọ fún ẹ. Èwo nínú wọn lẹ gbọ́ tí ẹ fi ya tiyín? Mo ti fi rọ́bà pa Diomedes mi rẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì hàn díẹ̀ lára bébà náà, torí mo tẹ bẹ́ńsù náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní British Museum, odindi, tòun ti ohun tó jókòó lé, wọ́n rà á ní 1971. Orúkọ yín wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbéyàwó àwọn òbí Achilles lẹ yà síbẹ̀: Peleus dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń kí àlejò káàbọ̀ tòun ti ife lọ́wọ́, àwọn òrìṣà ń tò bọ̀. Iris ló ṣáájú wọn. Dionysos gbé ẹ̀ka àjàrà dání, ẹ̀bùn tó mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó ń ṣe àsè. Hephaistos gun ìbaaka kẹ́yìn. Ìyàwó wà nínú ilé, a kò rí i. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí bí ìyàwó gidi. Mo gbádùn ìkòkò yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òótọ́ fún yín: bí ó ti pé tó, ẹnu rẹ̀ kò sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbé e jáde, ibojì ta ni, ilé ta ni.

Àpáàdì kékeré ló ní ilé. Pharsalos ní Thessaly ni wọ́n ti wà á jáde, Yves Béquignon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì kọ nípa rẹ̀ ní 1933. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí Thessaly jẹ́. Apá ibẹ̀ ni Phthia wà, ilẹ̀ Peleus, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí Achilles. Láti Áténì ni ẹnì kan ti gbé ìkòkò tí ẹ kọ orúkọ Achilles sí, ó gbé e gba ojú omi tàbí ojú ọ̀nà, ó kó o lọ sí ìlú Achilles. Ṣé ará Thessaly ló wá bẹ yín níṣẹ́, tó ní: ẹ bá mi ya ti ọmọ wa? Ṣé ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ọjà wà, tí ẹ fi kọ àkọlé gàdàgbà sí i kí oníbàárà lè rí i lókèèrè? Baba mi ì bá ní èkejì ni. Ó máa ń sọ pé lẹ́tà ńlá ni oníbàárà ń san owó fún.

Àwọn kan ṣì wà tí wọn kò bìkítà ibi tí nǹkan ti wá. Ní 1971, àwọn olè wa ibojì ní Cerveteri ní Ítálì lóru, wọ́n gbé ìkòkò tí Euphronios, ayàwòrán mìíràn ní Áténì, yà jáde, níbi tí Orun àti Ikú ti ń gbé òkú Sarpedon, jagunjagun kan níbi ogun Troy. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York, Metropolitan Museum, ra ìkòkò náà ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ jókòó o, Bàbá: mílíọ̀nù kan, fún ìkòkò. Ọdún 2008 ló padà sí Ítálì. Ẹni tó bá ń bá wa kà á, tó bá rí àpáàdì Gíríìkì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó tí kò pọ̀, kó bi ẹni tó ń tà á pé inú ilẹ̀ ibo ló ti wá. Bí kò bá lè dáhùn, kó bá tirẹ̀ lọ. Ká ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé tiyín ní Pharsalos, ẹṣin àti èrò náà ì bá ṣì wà níbẹ̀, a kì bá sì mọ̀ láé pé Achilles ti délé.

Ó ku ìbéèrè kan, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Àga yín ní ojú méjì. Àwọn tó wà lápá òsì ń wo ẹṣin, ìyẹn yé mi. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ńkọ́? Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin yìí pátápátá. Wọn kì í ṣe ẹni tí eré sú, wọn kì í ṣe ẹni tó ń sùn. Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé kẹ̀kẹ́ mìíràn ti kọjá ṣáájú, tí wọ́n ń fojú sìn ín lọ? Ṣé Achilles ni wọ́n ń wò, torí orúkọ rẹ̀ wà lápá ibẹ̀, bóyá ó ti dìde láti bá ẹnì kan wí? Àpáàdì tó máa dáhùn wà níbì kan nínú ilẹ̀, tàbí kó ti di erùpẹ̀.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú, kí wọ́n tó dáná sun òkú Patroklos, ó wá bá Achilles lójú àlá, ó bá a sọ̀rọ̀. Achilles na ọwọ́ sí i, kò rí nǹkan kan dì mú. Àwọn òkú tiwa náà ń wá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rọrùn fún yín, Bàbá, ẹ yà lọ́dọ̀ mi. Ẹ kò ní sọ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fún mi, mo ti gbà pé ìyẹn lọ. Ẹ kàn fi ọwọ́ tọ́ka síbi tí àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń wò.

Èmi ni tiyín,
ọmọ akọ-pátákó, Ìbàdàn